Fèrèsé Tí Kò Ní Há

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n tí ẹ ń gbé ní Ekiadolor àti ní agbègbè Benin, ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí fèrèsé onígi tí à ń fà sókè sódò, èyí tí gbẹ́nàgbẹ́nà lè kàn ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀.

Férémù méjì ni fèrèsé yìí ní, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀. Okùn ni ó so férémù kọ̀ọ̀kan mọ́ irin wíwúwo méjì tí ó fara pamọ́ sínú igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí a tó gé irin, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé férémù sórí òṣùwọ̀n tòun ti dígí rẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ kílò 10, kí irin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dín díẹ̀ ní kílò 5, kí férémù lè jókòó dáadáa. Irin ti òkè ni kí ó fi díẹ̀ wúwo ju férémù rẹ̀ lọ, kí ó má baà máa yọ́ wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbígbẹ igi ni olórí iṣẹ́. Ìrókò dára fún ojú òjò. Arère, tí àwọn ará Ẹ̀dó ń pè ní obeche, a máa tètè jẹrà níta. Èyíówù kí ó jẹ́, bí a bá kàn án ní tútù, yóò sún kì, yóò wọ́, oríkèé rẹ̀ yóò yẹ̀, fèrèsé yóò sì há. Ẹ to pákó sábẹ́ òrùlé, kí ó má kan ilẹ̀, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ẹ wọn pákó kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ni ó tó kàn.

Mo mọ̀ pé oníbàárà a máa kánjú, owó ilé ìwé ọmọ kì í sì í dúró. Síbẹ̀, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà tí Mohammed Shitta Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí ní Èkó, João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. A ṣí i ní 1894, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó jẹ́ kí wọ́n fọkàn tán àtìpó.

Àtìpó ni ẹ̀yin náà níbí. Ẹ sọ fún oníbàárà pé igi kò tíì gbẹ. Bí ó bá bínú lọ lónìí, ó sàn ju kí ó máa fi orúkọ yín bú fèrèsé rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò.

Àlàáfíà fún ilé yín o.