Ẹ Wo Dísẹ́ẹ̀lì Kí Wọ́n Tó Tú Pọ́ǹpù

Ẹ̀yin ìyálọ́jà gbogbo,

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wa la fẹ́ sọ. Tí ọkọ̀ bá kú sọ́nà, tòmátì ò ní dúró dè é. Mẹ́káníìkì á dé, á ní pọ́ǹpù ló bàjẹ́, owó gọbọi sì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo dísẹ́ẹ̀lì. Kí dírẹ́bà bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun, kó gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Tó bá rú, tàbí tí ìdọ̀tí bá sílẹ̀, kò dáa nìyẹn. Èyí tí wọ́n lú kẹrosíìnì mọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òun ló ń jẹ pọ́ǹpù, torí dísẹ́ẹ̀lì gidi ló ń mú kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀.

Tí ọkọ̀ ò bá lágbára lórí òkè, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ fílítà. Tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ tó tún kú, afẹ́fẹ́ lè ti wọ páìpù. Kí wọ́n wo ojú ìdè rẹ̀, kí wọ́n lé afẹ́fẹ́ jáde. Tí èéfín bá dúdú, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ àti nọ́súlù. Ìgbà tí gbogbo èyí bá tán la tó ń pe kálíbrétọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì lé dírẹ́bà, ẹ wo ìgò ná. Àmọ́ ẹ̀yin dírẹ́bà náà, ẹ yéé ra ti inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ títì.

A ò ní rìn nírìn àdánù o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́