Eku Inú Ọkọ̀: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

A kò ní í fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí a mọ̀ pé àwọn tí yóò gbé ọkọ̀ jáde ní ìdájí ọ̀la wà nínú wa.

Ọ̀rọ̀ eku ni a fẹ́ sọ. A gbọ́ pé nígbà tí a lẹ ìwé ìpàdé yìí mọ́ ara ògiri, àwọn kan rẹ́rìn-ín pé owó oṣù kò tíì pọ̀ sí i, eku ni ẹgbẹ́ ń lé kiri. Kò burú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ó lọ sí ìsinmi ọdọọdún rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ́fíìsì lọ́wọ́, ó fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn yáàdì, lẹ́bàá koríko. Nígbà tí ó padà dé, bọ́ọ̀sì kò dáhùn. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá koríko gbígbẹ, bébà, tìmùtìmù jíjẹ àti egungun ẹja lórí ẹ́ńjìnnì, tí ó tẹ́ rẹrẹ bí ibùsùn ìyàwó. Eku ti jẹ wáyà mọ́kànlá. Rewáyà kọ iye owó iṣẹ́ rẹ̀, ọ́fíìsì sì kọ ọ́ sí abẹ́ ìwé náà pé kí a yọ ọ́ nínú owó oṣù awakọ̀ ní ìgbà mẹ́rin, nítorí àìbìkítà. Ti ìgbà kìíní ti lọ.

Wọ́n máa ń wí pé eku ilé a máa jẹ ẹsẹ̀ ẹni tó sùn, a sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i kí onítọ̀hún má baà jí. Yíyọ ní ìgbà mẹ́rin náà nìyẹn. Wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni, kò ní í dùn ún.

Òfin Òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 1974, tí a ṣì ń lò títí di òní, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ẹsẹ 5. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà tí kò tọ́, tàbí pé ó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, tí agbanisíṣẹ́ sì pàdánù nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n lè yọ iye tí ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tí a yàn fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Kí wọ́n tó yọ ọ́ ni o, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́ tán. A béèrè ìwé náà lọ́wọ́ ọ́fíìsì. Wọn kò rí i mú wá. A ti kọ lẹ́tà sí wọn, a ó sì jókòó pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Bákan náà, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹni tó wà ní ìlú rẹ̀ lẹ́nu ìsinmi ṣe ń pa ọkọ̀ tì?

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí ẹsẹ̀ wa múlẹ̀ níbẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wa mọ bí eku ti ń wọ ọkọ̀ àti bí a ti í dá a dúró, kí ẹnikẹ́ni má lè fi àìmọ̀ wa mú wa.

Eku kò fẹ́ràn ọkọ̀. Ooru, ibi ìfarapamọ́ àti oúnjẹ ni ó ń wá. Ọkọ̀ tó bá ti Ọ̀wọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ṣì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ di òru, ilé wo ni eku tún ń wá? Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun dídàgbà títí tí yóò fi kú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa fi gé nǹkan kí ó má baà gùn jù. Wáyà ni o, rọ́bà ni o, igi ni o, kò sí èyí tí kò ní í gé. Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi ń ṣe ara wáyà ìsinsìnyí ni ó ń pè é. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà tó wa lọ́rì Bedford léèrè bóyá eku kò jẹ wáyà nígbà náà. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ ni pé wáyà lọ́rì ayé ìjọ́un kò pọ̀, ẹni tó bá ní téèpù lè so ó. Ọkọ̀ òde òní ń gbé kọ̀ǹpútà kiri, wáyà kan tó tín-ín-rín bí òwú lè dá gbogbo ẹ́ńjìnnì dúró.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ti lanu láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Táyà ni eku ń gùn bí àkàbà. Ihò tí pẹ́ńsù lè wọ̀, ẹlírí lè wọ̀ ọ́. Èyí tó bá fẹ̀ tó àtàǹpàkò, eku ńlá ń bọ̀ nìyẹn. Láti ibi ẹ́ńjìnnì, yóò gba ihò atẹ́gùn tàbí ihò tí rọ́bà wáyà ti bọ́ sílẹ̀, yóò sì wọ inú ibi tí awakọ̀ ń jókòó. Àsìkò tí a gbọ́dọ̀ la ojú jù ni láti oṣù kọkànlá lọ, nígbà tí koríko bá gbẹ tí àwọn èèyàn bá sì ń sun igbó. Eku oko á sá wá sí ìlú. Bí òjò ńlá bá kún inú ihò wọn, wọn á tún sá jáde.

Ẹ má ṣe rò pé owó wáyà nìkan ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wáyà tí eku ti bó lára, bí ó bá kan irin, iná á ta. Bí ó bá wá jẹ́ pé ó ti gé rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, tàbí pé ìtẹ́ rẹ̀ wà lórí páìpù èéfín tó ń gbóná, ọkọ̀ lè gbiná pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Rọ́bà bíréèkì náà kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá ti dúró ju ọjọ́ méjì lọ, ẹ má kàn jókòó kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí i, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo orí bátìrì, ẹ wo inú ilé fílítà afẹ́fẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ dúdú wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì tó jóná, tàbí tìmùtìmù jíjẹ, tàbí pé òórùn ìtọ̀ ń bu yín nímú, ẹ má tan ọkọ̀ náà. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sínú ìwé ọkọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kí ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín pé ẹ kò pa iṣẹ́ tì.

Nísinsìnyí, oúnjẹ. Ewé mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀pà, egungun ẹja, gààrí tó dà sábẹ́ àga, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kó wọn jáde kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Ọ̀nà tiwa nìyẹn, a kò sì ní í bá yín fi bò. Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n lé àwọn ìyá olóúnjẹ kúrò lẹ́nu géètì. Dúróọ̀mù ìdọ̀tí mẹ́ta tí kò ní ìdérí, ilé iṣẹ́ ni ó ni wọ́n. Koríko ẹ̀yìn yáàdì, ilé iṣẹ́ ni ó ni ín. Òkìtì táyà àlòkù tí a ń gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ ni ó ní kí a kó o síbẹ̀.

Ọkọ̀ tí a kò lò, kí a máa wà á yí yáàdì ká lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ lóru bí ọlọ́dẹ bá wà nítòsí, nítorí eku kì í fẹ́ kọ́lé síbi tó ṣí gbalasa. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ ni kí ẹ fi dí ẹnu ihò afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ọ̀rá, kì í ṣe kànìnkànìn, ẹrẹ̀kẹ́ kan ni eku yóò fi jẹ ìyẹn.

Tàkúté dára ju májèlé lọ. Ilẹ̀ ni kí ẹ dẹ ẹ́ sí, lẹ́bàá ògiri àti lẹ́bàá táyà, nítorí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni eku ń tọ̀. Ẹ kà wọ́n ní alẹ́, ẹ tún kà wọ́n ní òwúrọ̀. Bí eku bá jẹ májèlé, ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò lọ kú sí, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Èkó mọ òórùn tí a ń wí. Sniper tí àwọn kan ń fọ́n sínú ọkọ̀ kì í ṣe ti eku, ti kòkòrò ni. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ nítorí ewu rẹ̀. Ẹni tó fọ́n ọn sínú ọkọ̀ tó tì pa, ara rẹ̀ ni ó ń fọ́n ọn fún. Káńfọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀: níbi ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, nínú ọkọ̀, awakọ̀ ni yóò fà á símú. Ata gígún ńkọ́? Òjò kan ni yóò wẹ̀ ẹ́ nù, kí ó tó lọ á sì ti wọ ojú mẹkáníìkì. Ilé iṣẹ́ Honda ń ta téèpù kan tí wọ́n fi oró ata sí fún wíwé mọ́ wáyà, èyí bọ́gbọ́n mu díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní í sọ pé kí awakọ̀ fi owó ara rẹ̀ rà á. Ológbò dára nínú yáàdì, àmọ́ òun náà a máa wá ooru ẹ́ńjìnnì. Ìdí mìíràn rèé tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí ni a fẹ́ kí ẹ gbọ́ yé jùlọ. Àìsàn ibà Lassa, tí a fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè láti ọdún 1969, láti ara eku ni ó ti ń ran èèyàn, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tí ó ti ń jà jù, ọ̀nà tí ọkọ̀ wa ń gbà sì nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo eku ni ó ní in, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wojú eku kí ó mọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe gbá ìtẹ́ eku ní gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ dànù, a bẹ̀ yín, ẹ dẹ́kun rẹ̀ lónìí. Ẹ tú bátìrì, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú. Ẹ po Jik, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́sàn-án, ẹ fi rẹ ìtẹ́ náà, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ẹ fi àkísà tútù kó o sínú ọ̀rá, ẹ sin ín, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé ẹran ni eku tí tàkúté mú, ẹ jẹ́ kí olóúnjẹ ta ẹja fún yín. Bí ibà bá sì mú ẹnikẹ́ni láàrín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fọwọ́ kan irú nǹkan báyìí, kí ó má dúró sílé máa lo oògùn ibà lásán. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sọ fún dókítà pé òun kó ìtẹ́ eku. Ìtọ́jú tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù.

Ohun tí a ń bá lọ sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí: kí wọ́n dá owó tí wọ́n yọ padà, kí wọ́n ya ìyókù dànù, kí wọ́n ro ẹ̀yìn yáàdì, kí wọ́n kó táyà kúrò, kí dúróọ̀mù ní ìdérí, kí wọ́n ra àwọ̀n, tàkúté, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú sí wákíṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ní owó kò sí, a ó béèrè iye tí wáyà mọ́kànlá ná wọn.

A gbọ́ pé àwọn mìíràn wà tí wọ́n ti yọ owó wọn báyìí rí, tí wọ́n dákẹ́. Ẹ mú ìwé owó oṣù yín àti lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. A kò ní í ka orúkọ ẹnikẹ́ni síta. Ẹni tí kò bá rí ìwé mọ́, kí ó wá sọ oṣù tí ó jẹ́ fún wa, a ó wá a nínú ìwé ọkọ̀.