Orúkọ Àwọn Ẹyẹ Inú Èèsún



Ẹni tí ó bá dúró ní etí odò Àsà ní òwúrọ̀ yóò gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú èèsún kí ó tó fi ojú rí ẹyẹ kankan. Ohùn yìí ni ó bí orúkọ mìíràn. Ẹ wo ẹlúlùú: orúkọ rẹ̀ dún bí igbe rẹ̀. Àwọn baba wa so igbe náà mọ́ òjò, wọ́n sì fi pa òwe pé òjò tí ẹlúlùú bá fà, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Orúkọ kan ṣoṣo di ìmọ̀ ojú ọjọ́, ó sì di ẹ̀kọ́ ìwà.

Ẹ̀gà ńkọ́? Akọ rẹ̀ ni ó ń ya ewé koríko tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì fi ń hun ìtẹ́ tí ń rọ̀ dirodiro. Àgbẹ̀ onírẹsì kò lè gbàgbé orúkọ rẹ̀, nítorí oúnjẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lé. Síbẹ̀, oríṣiríṣi ẹyẹ tí àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀ ni a ń pè ní ẹ̀gà.

Ẹyẹ kékeré kan sì wà, aláwọ̀ ilẹ̀, tí ń pamọ nínú koríko etí odò ní Yúróòpù, tí ó sì ń wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Acrocephalus scirpaceus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kòkòrò ni ó ń jẹ. Kì í ba oko ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹyẹ tí kò bá ni wá lára, tí kò sì ràn wá lọ́wọ́, kì í tètè gba orúkọ lẹ́nu wa.

Ibí ni ewu wà. Ó rọrùn kí òǹkọ̀wé jókòó sídìí tábìlì, kí ó sì ṣẹ̀dá orúkọ fún ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí R. C. Abraham tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1958, orúkọ ẹyẹ àti ewéko tí ó wà lẹ́nu àwọn ènìyàn ni ó kó sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi apẹja, ọdẹ àti àgbẹ̀ léèrè, ìbáà ṣe Yorùbá, Tápà, Bàrùbá tàbí Fúlàní. Bí àgbà kan bá kú pẹ̀lú orúkọ ẹyẹ, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nípa ẹyẹ náà bá a lọ.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ẹyẹ wọ̀nyí ni omi àti èèsún. Ẹ jẹ́ kí a lọ wò ó.