Ìwé Gbèsè Ọdún 1978

  Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀, ẹ ní kí n sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mọ àyè ara rẹ̀ nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ bá gbóná. N ó sọ tèmi, torí òun ni mo mọ̀ dájú.

Láti Òkìtìpupa ni mo ti wọ yunifásítì, pẹ̀lú àpótí onípáànù kan àti púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́fà. Àwọn tí a jọ ń gbé yàrá bi mí bóyá bọ́ọ̀lù ni. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń bẹ̀ mí fún un.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1978, ìjọba ológun gbé owó oúnjẹ wa láti náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀ sí náírà méjì lóòjọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń kọ ọ̀pẹ mọ iye ìdì ẹyìn tó wà nínú àádọ́ta kọ́bọ̀. Segun Okeowo ló ṣáájú NUNS, ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, ni a ń pariwo pé kó máa lọ. Ìbọn dún. Wọ́n yìnbọn pa Akintunde Ojo ní Yunifásítì Èkó. Ìjọba fòfin de NUNS.

Èmi ńkọ́? Ohùn mi kò ròkè, ẹsẹ̀ mi kò sì yá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí a kó ẹrù wa jáde, mo rí i pé àwọn tó pariwo jù lánàá kò ní owó ọkọ̀. Mo mú ìwé kan, mo ń kọ ọ́: ta ló ń lọ sí Òde-Ìrèlè, ta ló lówó, ta ni kò ní. Ẹni tó ní yá ẹni tí kò ní. Akápò ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ mi ò du ipò kankan rí.

Lọ́ńdọ̀nù tí a wà yìí mọ irú iṣẹ́ yẹn. Òmìnira wà lẹ́nu Ladipo Solanke àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní 1925, àmọ́ wọ́n ní láti wá ibi tí èèyàn dúdú yóò sùn, torí àwọn onílé ń tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nígbà tí ilé wọn dé ní 1933, Opeolu ìyàwó Solanke ló ń bójú tó o.

Àwọn ọmọ wa ní yunifásítì Òkìtìpupa máa ń pè mí lórí fóònù: ṣé kí àwọn dá sí ìjà ẹ̀tọ́? Mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń kọ orúkọ àwọn tí kò lówó ọkọ̀.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan kò tíì san náírà mẹ́ta tiwọn. Ìlà kejì ni wọ́n jókòó sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò wọ́n.