Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Dróònù: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Ìpàdé Ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ Sọ

Ẹ̀yin ará Àpápá, ẹ kú ìfaradà trélà.

Alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí dróònù tí mo fọwọ́ ara mi ṣe férémù rẹ̀ nílé, torí ẹgbẹ́ fẹ́ ra ọ̀kan tí yóò máa ya àwòrán ọdún wa àti ọ̀nà tí ọ̀gbàrá ń gbẹ́ nílé.

Ká má parọ́, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la lè ṣe fúnra wa. Ẹ́ńjìnnì kékeré mẹ́rin, bátìrì, rìmóòtù àti flight controller tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, rírà ni. Férémù, ìyẹn egungun tó gbé gbogbo wọn dúró, ni agbára wa ká.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, igi ni látòkè délẹ̀. Ó wúwo jù. Kò tíì gbéra dáadáa tí bátìrì fi tán. Mo tún fi páìpù PVC ṣe apá rẹ̀. Ìyẹn fúyẹ́, àmọ́ ó ń tẹ̀, ó sì ń gbọ̀n. Flight controller wá ń rò pé dróònù ń ṣubú nígbà tí kò ṣubú. Ó já lulẹ̀ lóòótọ́, apá kan sì ṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé férémù gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó sì tún le.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo lọ bá àwọn tó ń ṣe wíńdò àlùmíníọ̀mù ní Ajégúnlẹ̀, mo gba àjákù páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní mìlímítà 12. Plywood pẹlẹbẹ méjì ni mo fi há a láàárín, mo fi bóòtù dè é. Láti ẹ́ńjìnnì kan dé èkejì rẹ̀ ní ìdábùú jẹ́ mìlímítà 450. Ẹ fi 1.414 pín in, ẹ ó rí 318 láàárín ẹ́ńjìnnì méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Abẹ̀bẹ̀ onínṣì 10 jẹ́ 254, torí náà wọn ò lè gbá ara wọn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wọn gíráàmù 1,200, kí ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbé ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 600 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì á yí sápá ọ̀tún, méjì sápá òsì. Àwọn tó dojú kọra ní ìdábùú ló ń yí síbì kan náà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa pòòyì bí òkòtó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó dán ẹ́ńjìnnì wò nínú yàrá, ẹ má sì fi bátìrì síná kẹ́ ẹ wá lọ sùn. Ó lè gbaná.

Ẹnìkan á ní, ká kúkú ra odidi. Ó dáa. Ọjọ́ tó bá já lulẹ̀ lójú agbo ọdún ńkọ́? Tiwa, ẹni tó ń ṣe wíńdò nílé á gé apá mìíràn fún wa lọ́jọ́ náà gan-an.

Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù rèé. Àwọn ọmọ wa méjì sọ fún mi pé àwọn fẹ́ fò ó lórí wọ́ọ̀fù, káwọn fi ya Tin Can. Mo ní rárá o! Èbúté ìjọba wà ní Àpápá, àwọn ọmọ ogun ojú omi náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú ọ pẹ̀lú kámẹ́rà lójú òfuurufú, ta ni yóò gbà pé eré lo ń ṣe? Òfin ní ká gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ká sì gba ìwé lọ́dọ̀ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ààbò. Pé a ṣe férémù nílé kò yọ wá nínú òfin yìí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju méjì lọ. Kí akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ kí owó tó jáde. Kí ẹgbẹ́ sì yan ọ̀dọ́ mẹ́ta, tọkùnrin tobìnrin, tí a ó jọ ṣe èyí tó kàn. Káfíńtà wà láàárín wa níbí, ẹni tó ń ṣe wíńdò náà wà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Bí ìbéèrè bá wà, mo ti gbé férémù náà wá. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kàn án.