Tannáposó: Òdòdó Tó Mọ Ìrọ̀lẹ́

(Ìlù díẹ̀. Ìró omi tí wọ́n ń wọ́n sí ìdí ewéko.)

Bí ilé yín bá ṣì jẹ́ ilé tó ní ilẹ̀ pupa lẹ́yìnkùlé, ẹ yọjú wò lójú fèrèsé. Bóyá ó ti ń là lọ́wọ́ báyìí: òdòdó pupa bí osùn, tàbí funfun, tàbí aláwọ̀ ìyeyè, tó rí bíi kàkàkí kékeré, tí òórùn rẹ̀ á ti wọlé bá yín kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Tannáposó ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní tannápowó. Èyí tó wù kí ẹ pè é, “tan iná” ni orúkọ fi bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí à ń múra àtitan iná alẹ́ náà ló sì ń là.

Màmá tó bí ìyá mi kò ní aago. Ọ̀kan wà lára ògiri pálọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Tannáposó tó wà nídìí ilé ìdáná ni wọ́n máa ń wò. Bó bá ti là, wọ́n á ní, “Ẹ gbé omi ọkà kaná.” Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀wà ọ̀sán tán ni, a ò tíì fọ abọ́, ni òdòdó bá là. Màmá wò ó, wọ́n wo àwa náà, wọ́n ní ká gbé omi kaná. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màmá, ọ̀sán ṣì ni o.” Wọ́n ní ṣé òun ló gbin òdòdó ni? Bí a ṣe jẹ àmàlà mọ́ ẹ̀wà nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ebi ti tún ń pa wá.

Òdòdó yẹn kì í ka aago, bí àwọn Òyìnbó tiẹ̀ ń pè é ní òdòdó aago mẹ́rin. Kí ooru ọ̀sán rọlẹ̀ ló ń dúró dè. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ó lè ṣáájú àkókò.

(Ìró kòkòrò alẹ́.)

Tó bá ti là, ó di òwúrọ̀ kó tó padé. Àwọn àfòpiná ńlá, tí ẹnu wọn gùn bí abẹ́rẹ́, ni àlejò rẹ̀ lóru. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti wá: nínú orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, Mirabilis jalapa, ìlú Xalapa ní Mẹ́síkò ló wà níbẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Carl Correns, mú pupa pọ̀ mọ́ funfun, ọmọ wọn jáde ní píńkì. Ní 1909, ó tún fi hàn nípa èyí tí ewé rẹ̀ ní àbààwọ́n funfun pé... ọ̀rọ̀ ibẹ̀ jìn, ẹ jẹ́ ká fò ó. Àwọ̀ ewé ọmọ, ti ìyá ló ń tẹ̀ lé. Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá.

Gbígbìn rẹ̀ kò le. Kóró rẹ̀ dúdú, ó hunjọ. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà méjì wà láàárín wọn. Ìdí rẹ̀ á wú bí iṣu; ọ̀gbẹlẹ̀ lè pa ewé rẹ̀, bí òjò bá ti padà dé, á tún hù. Ẹ̀yin tẹ ń gbọ́ wa ní London, ẹ wa iṣu náà kí òtútù tó le, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ títí ilẹ̀ á fi móoru. Ṣùgbọ́n májèlé wà nínú kóró àti iṣu ìdí rẹ̀ o! Kóró náà jọ iyere, kì í ṣe iyere. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọdé.

Íńtálọ́ọ̀kì, bíríkì tí à ń tẹ́ sí àgbàlá, ló ń lé tannáposó kúrò láàárín wa. A tẹ́ bíríkì bo gbogbo àgbàlá tán, a wá ń náwó ra òdòdó inú ìkòkò lẹ́bàá títì. Èmi ò rí ọgbọ́n ibẹ̀.

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń juwọ́ sí mi. Mo ṣì fẹ́ sọ ti àwọn ará Jàpáàní, tí wọ́n ń pè é ní òdòdó pọ́dà, torí ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú kóró rẹ̀. Ẹ fọ́ ọ̀kan wò, ẹ ó rí... Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

(Ìlù wọlé.)