Ọwọ́ Tí Rọpárọsẹ̀ Mú: Ẹ Má Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Mo bẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó dá ènìyàn, tó sì fún un ní ọwọ́ méjì. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

  

Ọ̀rọ̀ tòní kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni. Ó ṣòro kí a tó rí àdúgbò kan tí kò ní ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ lè tètè máa rìn padà, ẹnu lè máa sọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ a máa pẹ́. Ibi ọwọ́ yìí gan-an sì ni ìtìjú wà fún Mùsùlùmí. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń bọ ara wa lọ́wọ́. Bó bá wá ku òsì nìkan, ọ̀pọ̀ bàbá kì í fẹ́ wá sí mọ́ṣáláṣí mọ́, wọn kì í fẹ́ bá èrò ṣínu mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe ọwọ́ ló ń ṣàìsàn. Ọpọlọ ni. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, tàbí kí iṣan náà bẹ́. Ọpọlọ apá òsì ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ti apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ òsì. Ẹ má yára sọ pé ayé ló ṣe é. Ìwádìí ńlá kan tí àwọn dókítà Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Ghana, tó jáde ní 2018, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, tí ẹnu wọ́, tí apá kan rọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Ẹ má dúró sin gbẹ́rẹ́.

Ẹ gbọ́ àpèjúwe kan. Bí ojú ọ̀nà Herbert Macaulay bá dí nírọ̀lẹ́, ṣé onímọ́tò á sùn síbẹ̀ ni? Rárá o. Á yà gba Commercial Avenue, tàbí kó wá ọ̀nà mìíràn láàrin àdúgbò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó lè ṣìnà, ṣùgbọ́n bó bá ń gbà á lójoojúmọ́, ọ̀nà náà á mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rí. Apá tó kú kò jí mọ́, ṣùgbọ́n apá tó wà láàyè lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá ń rán an níṣẹ́ náà lemọ́lemọ́. Bí a kò bá rán an, kò ní kọ́ ọ.

Ibí yìí ni àánú wa ti ń ṣe ìpalára. Ìyàwó á bu oúnjẹ sí bàbá lẹ́nu. Ọmọ á bá a de bọ́tìnì. Ọmọ-ọmọ á gba ife lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà fọ́. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a kò lò, ọpọlọ á gbàgbé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Taub ní Alabama, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló gbé ìlànà kan jáde lórí èyí: kí a fi ìbọ̀wọ́ dí ọwọ́ tó dá ṣáṣá, kí ọwọ́ tó rọ má rí ibi sá pamọ́ sí, kó sì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ní 2006, ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn 222 jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi ṣe ìdárayá náà, síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ọwọ́ wọn ń ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí ìka rẹ̀ ti lè ṣí díẹ̀ ni èyí wà fún. Kí ẹnikẹ́ni má lọ so ọwọ́ bàbá rẹ̀ nílé láìbéèrè, kó má baà ṣubú.

Kí la wá lè ṣe nílé? Ẹ má ṣe fa aláìsàn dìde ní ọwọ́ tó rọ, èjìká á yẹ̀. Bó bá jókòó tàbí tó bá sùn, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ọwọ́ náà. Ìka tó bá ká kò, ẹ rọra ṣí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má já a gbà. Kó fi ìka ọwọ́ méjèèjì há ara wọn, kó gbé wọn sókè, kó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, kó rọra fara tì í. Lẹ́yìn náà, kó máa ṣa ẹ̀wà, kó máa ká aṣọ, kó máa ju ọmọ ayò sínú ihò, kó máa fa ọmọ tẹ̀sùbáà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́wàá kò tó, ìgbà ọgọ́rùn-ún ni kẹ́ ẹ máa lé. Omi gbígbóná ńkọ́? Ọwọ́ tó le ni kẹ́ ẹ fi tọ́ ọ wò, nítorí ọwọ́ tó rọ lè má mọ̀ pé òun ń jóná.

Dígí pàápàá wúlò. Láti 1999 ni àwọn dókítà ti kọ̀wé pé bí aláìsàn bá gbé dígí sáàrin ọwọ́ méjèèjì, tó ń wo àwòrán ọwọ́ tó le bó ṣe ń mira, á dà bí ẹni pé èyí tó rọ ló ń mira. Ó máa ń ran ọpọlọ lọ́wọ́.

Nípa ti ẹ̀sìn, Ọlọ́hun kò di ẹrù tó ju agbára lọ ru ẹnikẹ́ni. Ànábì pa á láṣẹ pé ká fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fi yé wa pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí àìsàn dí lọ́wọ́. Nítorí náà kí bàbá fi òsì jẹun láìtijú, ṣùgbọ́n kó fi ọ̀tún di etí abọ́ mú, kí òun náà rí iṣẹ́ ṣe. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, kí ọwọ́ tó rọ gbìyànjú ná, kí a tó ràn án lọ́wọ́. Bó bá lè forí kanlẹ̀, kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bó ti mọ. Ẹ wò ó, ìrun márùn-ún lójúmọ́, ìdárayá márùn-ún nìyẹn! Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí ààwẹ̀ dá a dúró. Kó bi dókítà bí yóò ṣe lò ó ní sààrì àti ìṣínu. Bí dókítà bá ní kó má gbààwẹ̀, Súrà Bákárà ti fún aláìsàn láyè.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí wà nítòsí wa, àwọn tí à ń pè ní físíò. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ wọn jáde pẹ̀lú dìgírì. Wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, wọ́n wà ní ilé ìwòsàn Ìgbóbì tó ti wà láti 1945. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ṣoṣo kọ́ là ń lọ. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì jù, lẹ́yìn rẹ̀ náà ìrètí kò tíì tán. Owó ọkọ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró sílé. Ẹ̀yin olówó wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí, nínú sàráà oṣù yìí, ẹ bá wa san owó ọkọ̀ tálákà kan lọ sí físíò fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife omi mu ní ìṣínu kò ní gbàgbé yín nínú àdúà.

Oṣù sùúrù la wà yìí. Ẹ ní sùúrù fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kó ṣe é fúnra rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó má fi àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe wá, kó gba ààwẹ̀ àti ìrun wa. Àmín.